Bí Pápá Bàálù Ṣe Di Ti Ìlú Wa

Ẹni tó bá ní òun mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé pápá bàálù ńlá sí ìlú kan, tí wọn kì í gbé e sí òmíràn, kó wá jókòó tì mí ká jọ sọ ọ́. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn kan ní owó ni. Àbúrò mi tó ń ṣe búrẹ́dì ní orí ìlú wa ló dáa. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé ohun mímu fún àwọn tó wá yàn án, kò sẹ́ni tó bi mí.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀, ilé tí mò ń gbé wà lókè rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi sì kọjú sí pápá bàálù àtijọ́ ìlú wa, níbi tí bàálù kékeré kan ti ń bà láàárọ̀, tí òmíràn ń bà nírọ̀lẹ́, kò tún sí nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Pápá yẹn ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí ti ń ṣiṣẹ́. Inú ilé gíga onígíláàsì ló ń jókòó sí, tó ń bá àwọn awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀: ẹ máa bọ̀, ẹ dúró ná, ẹ yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ sì le, ni wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n á wà lójú òfurufú, wọn á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èmi tí mo bí i, bí mo bá ní kó wá jẹun, á ní, "Mò ń bọ̀, Màámi," oúnjẹ á sì tutù bí ìdí àmù.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ pápá bàálù ńlá kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, irú èyí tí bàálù àwọn ará òkè òkun á lè máa bà sí. Ìlú mẹ́ta ló ń du ú: tiwa, ìlú inú àfonífojì, àti ìlú orí òkè. Èyí tó bá gbé e nínú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kó gbogbo òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n á ti pápá àwọn tó kù pa. Ẹ rò ó wò fún mi. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará àfonífojì, ọmọ mi á tẹ̀ lé e lọ. Odindi ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì ni ibẹ̀ yẹn, èèyàn á dé bí ẹni tí wọ́n gún lódó. Bàbá ọmọ yìí ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé àfi èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mi ò fẹ́. Gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ ni mò ń sọ fún pé mi ò fẹ́.

"Màámi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́," ni Ọ̀gá Kékeré sọ fún mi lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ó kó róòlù òwú mẹ́ta sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. "Ẹ wo pupa yìí. Ìlú àfonífojì nìyẹn. Àárín gbùngbùn ló wà, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà pàdé sí. Èyí tó ní àwọ̀ ewé yìí ni ìlú orí òkè, ibẹ̀ ni olówó pọ̀ sí, olówó ló sì ń wọ bàálù jù. Funfun yìí ni àwa. Ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó bí ìyá tó bí yín. Ọjà ń bẹ, ilé ìkẹ́rùsí ń bẹ, àwọn àjèjì sì ti mọ ọ̀nà ilé wa."

"Tiwa ló dáa jù nígbà náà. Kí ni wọ́n tún ń wò?"

"Gbogbo ìlú ló ń sọ pé tàwọn ló dáa jù. Ẹ gbọ́, ibi tí èèyàn bá ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni bàálù máa ń fẹ́ lọ. Ẹ wo ara yín. Aránṣọ pọ̀ ní àdúgbò yìí bí eṣú. Kí ló dé tí oníbàárà fi ń kọjá lára wọn wá bá yín?"

"Nítorí pé mo mọṣẹ́!"

"Nítorí pé ilé tó kàn yín ń ta bọ́tìnnì, èyí tó tẹ̀ lé e ń ta aṣọ, bọ́ọ̀sì sì ń dúró síwájú ilẹ̀kùn yín. Mímọ iṣẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn."

Mo ju ègé aṣọ lù ú. Ọmọ tí mo fi owó abẹ́rẹ́ rán nílé ìwé! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ẹ má sọ fún un.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò ní pa á mọ́. Ọmọ mi ò tíì lọ́kọ. Kì í ṣe pé mò ń da ara mi láàmú lórí ìyẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ mi kì í ṣe iṣu tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ pápá yìí bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bó bá rí ọkọ ní ìlú yìí, tó kọ́lé síbí, tó bímọ síbí, kí wọ́n máa gbé pápá lọ sí ìsálú ọ̀run bó bá wù wọ́n, ọmọ tèmi ò ní kúrò. Inú ìrònú yìí ni mo wà, tí mò ń fi ẹ̀rọ rán ìdí ṣòkòtò kan, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá Kékeré ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kọ̀wé sórí fóònù. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ á wà níhòòhò goloto. Ohun tó kọ rèé: "Maami, oko n bo nile wa ni irole yii. E jowo e gba won daadaa. Ojo ti mo ti n reti lojo pipe ree."

Ẹ̀yin, kí lẹ máa kà níbẹ̀? Ọkọ̀ ń bọ̀? Ọkọ̀ wo? Ta ló ń gba ọkọ̀ ní àlejò? Ọkọ ń bọ̀ nílé wa! Mo pariwo "Yéè!" Abẹ́rẹ́ gún mi níka, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Kí n má fi yín ṣeré, ọkọ̀ ni ọmọ náà ní lọ́kàn. Ọkọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti yan ibi tí pápá máa wà ni. Wọ́n fẹ́ yà sílé wa nítorí pé láti ojú fèrèsé pálọ̀ mi lókè, pápá àtijọ́ yẹn hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa sọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi? Mo pè é, kò gbé e. Wọn kì í gbé fóònù nínú ilé onígíláàsì yẹn. Àmì bíńtín lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, òun ló kó wa sí gbogbo wàhálà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbálẹ̀, mo nu fèrèsé, mo tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì, aṣọ oníbàárà ni, Ọlọ́run á foríjì mí. Mo sáré pe àbúrò mi pé kó wá dúró bí ọkùnrin ilé. Oníbúrẹ́dì dé tòun ti búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ta lọkọ náà?" ló bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n ni? Ìwọ ṣáà jókòó kí o máa ṣe bí àgbà."

Nígbà tí ọkọ̀ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ kan dúró síwájú ilé, àwa méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin méjì ló sọ̀kalẹ̀. Àgbàlagbà ni ọ̀kan, orí rẹ̀ funfun, ó wọ jígí. Alága ìgbìmọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bàbá ọkọ ni. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ga, ó dá báàgì kọ́ èjìká, ẹrẹ̀ sì kún bàtà rẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni. Ojú tèmi ní ọkọ nìyí. Mo wo ẹrẹ̀ yẹn, mo ní ó dáa, kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Ẹ kú ilé o, mà," ni Alága wí nígbà tí wọ́n jókòó tán sí pálọ̀. "Ọmọ yín ti sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ yín la ti máa rí ohun tí à ń wá."

"Ẹ ó rí i, sà," ni Oníbúrẹ́dì dáhùn, ó fi ohùn bàbá wa sọ ọ́. "Ọjà tó dáa kì í nílò ariwo."

Ọ̀dọ́ náà ò wò wá. Fèrèsé ló ń wò. Àbúrò mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní ojú ń tì í. Mo ní ó yẹ kó tì í, àna rẹ̀ ló jókòó yìí.

"Ẹ ò ní bínú," ni Alága wí, "ká tó dé ọ̀dọ̀ yín, a ti wo méjì níbòmíràn."

Mo gbé ojú sókè. "Méjì?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ là ń wo irú nǹkan yìí, mà, ká má baà kábàámọ̀. Ti ìlú àfonífojì, ó tẹ́ wa lọ́rùn dáadáa, àfi pé ojú rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Ó máa ń ṣú dùdù ni. Ìgbà míì, ó di ọ̀sán kó tó là."

"Ẹ yáa fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Ẹni tó bá ń fajú ro títí di ọ̀sán, kò ní jẹ́ kí ilé tòrò."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. "Ti ìlú orí òkè, ó ṣòro láti sún mọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà yọ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjàǹbá ni. Wọ́n kúkú lówó. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á fi owó tì í lẹ́yìn bí a bá lè mú un."

"Wọ́n ń fi owó tì í?" ni Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. "Sà, ẹ sá! Ohun tí wọ́n bá ń fi owó bẹ èèyàn kó gbé lọ, nǹkan wà nínú ẹ̀."

"Àwa náà fura bẹ́ẹ̀. Tiyín yìí wá ńkọ́. Ká sọ òótọ́, ó ti pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀." Mo wo àbúrò mi. "Ṣùgbọ́n ó ṣì le dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. A máa ní láti fẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn ò le, sà," ni mo wí. "Bí èmi náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ẹ wò mí báyìí. Ọmọ bíbí ló ń fẹ èèyàn."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wúkọ́. Alága mu omi díẹ̀, ó tún ohùn ṣe.

"Ọ̀rọ̀ ariwo ńkọ́, mà? Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ẹ ò rò pé ariwo á da oorun yín rú?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! "Ariwo? Ariwo yẹn gan-an ni mò ń gbàdúrà fún! Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Tọ̀sán tòru ni kó máa pariwo. Bó bá di òru tó ń ké, èmi fúnra mi á dìde, mà á gbé e pọ̀n."

Alága yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Mi ò tíì gbọ́ irú èyí rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ló wí. "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní ni, sà. Ohun tí mo kàn fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ẹ má gbé e lọ síbòmíràn. Ìlú yìí ni kó wà. Bí ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, a ti parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Oníbúrẹ́dì gbè mí lẹ́yìn. "Ìlú yìí ni kó wà!"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá yíjú kúrò lójú fèrèsé. Ó fa téèpù gígùn kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè wọn gígùn rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé mà á padà sílé lónìí."

Mo dìde. Oníbúrẹ́dì dìde. Búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó mi, mà. Òun àti àwọn ìbejì ń dúró dè mí."

"Ó tún bí ìbejì! O níyàwó sílé, o tún ń fi ẹrẹ̀ bàtà tẹ rọ́ọ̀gì mi mọ́lẹ̀ pé o wá gbé ọmọ mi níyàwó! O tún fa téèpù yọ! Ta lo fẹ́ wọn? Lójú èmi aránṣọ! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, kò sí ẹlòmíràn tó fi téèpù kàn án rí, àfi èmi!"

"Ọmọ yín wo, mà?" Ọmọkùnrin náà ti fi ẹ̀yìn kan ògiri. "Pápá ni mo fẹ́ wọn!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀gá Kékeré sáré gun àtẹ̀gùn wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń tọrọ àforíjì pé bàálù ìrọ̀lẹ́ ló pẹ́. Ó rí mi tí mo na sísọ́ọ̀sì sókè. Ó rí àbúrò mi tó di téèpù mú ní ìdí kejì.

"Màámi! Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"Bi ọkọ tí o ní ó ń bọ̀! Ó ní ìyàwó sílé!"

"Ọkọ wo?" Ó dúró. Ó wo Alága, ó wò mí, ó rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọ-kọ̀ ni mo kọ, Màámi. Ọkọ̀! Ọkọ̀ ìgbìmọ̀!"

Alága ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ bíbí ló ń fẹ èèyàn!" ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rín. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín gbé èmi náà. Mo fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú.

Nígbà tí ara balẹ̀, Alága bi mí bóyá pápá bàálù gan-an, kì í ṣe ọkọ, ni mo fẹ́ kó wà níbí.

"Mo fẹ́ ẹ, sà," ni mo wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́. Bó bá lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ mi á bá a lọ, á ku èmi nìkan nínú ilé yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ìdí mìíràn."

Kò rín mọ́. "Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ìlú tó gba pápá bàálù nítorí pé ibẹ̀ ni olórí ìjọba ń gbé, tí kò sì fẹ́ rìn jìnnà. Mo rí èyí tó jẹ́ pé epo ló tán nínú bàálù kan láyé àtijọ́ tó fi bà síbẹ̀; wọ́n kọ́ ilé epo, ilé epo di pápá, pápá di ìlú ńlá, kò sẹ́ni tó rántí gbé e kúrò. Ìdí pọ̀. Ṣùgbọ́n tiyín yìí, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé tí a máa fún ìjọba."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ búrẹ́dì."

Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n sì wọn pápá kílẹ̀ tó ṣú, Oníbúrẹ́dì ló bá wọn di téèpù mú.

Lẹ́yìn náà ni ìdúródè bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá rédíò jà. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi kún fọ́fọ́. Wọ́n ní ìlú wa ló gbé e! A pariwo, a fò, obìnrin kan fò pẹ̀lú aṣọ tí mo ṣì ń fi abẹ́rẹ́ mú mọ́ ọn lára. Olùkéde wá ń ka ìdí rẹ̀: kùrukùru kì í bo ojú pápá láàárọ̀, ilẹ̀ wà tí wọ́n lè fi fẹ̀ ẹ́, èbúté kò jìnnà, ọjà ti wà nílẹ̀. "Ní ìparí," ló wí, "àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ti fi dá ìgbìmọ̀ lójú pé tọ̀sán tòru ni àwọn ń fojú sọ́nà fún ariwo rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Títí dòní, bí bàálù bá fò kọjá lóru, ará àdúgbò kan á ṣí fèrèsé, á kígbe pé, "Ìyá Aránṣọ, ariwo yín ti dé o! Ẹ wá gbé e pọ̀n!" Mà á ní kí wọ́n gbé e fún mi.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ọmọ mi dúró. Mo rán aṣọ fún un, mo kọrin, mo dín owó fún àwọn tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta lẹ́yìn ilé wa, eruku ń wọ inú ọbẹ̀, mò ń bu ọbẹ̀ náà jẹ.

Àbúrò mi ló ba ayọ̀ náà jẹ́. Òun ló ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pápá, ọ̀rọ̀ lẹ́nu Oníbúrẹ́dì sì dà bí búrẹ́dì rẹ̀, gbígbóná ló ń tà á. Ó ní wọ́n ti yan Ọ̀gá Kékeré láti jẹ́ olórí ilé onígíláàsì tuntun tí wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun fún ọdún méjì. Ó ní ọmọ mi ti dá wọn lóhùn pé òun ò lọ.

Mo kọ́kọ́ yọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo yọ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Mo tú u, mo tún un rán síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì ni mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó, mo wo pápá láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré wọlé, mo gbé oúnjẹ fún un. Ọjọ́ yẹn, kò ní òun ń bọ̀, ó jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ lọ.

"Iṣẹ́ ti tó mi níbí, Màámi."

"Irọ́. Nítorí mi ni."

Ó ń fi ṣíbí ro oúnjẹ. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún Alága. Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó ń bà mí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ta ló wá ní kí o fi ẹ̀rù mi jọba lórí ara rẹ? Ṣé ìgò bọ́tìnnì ni ọ́ tí mà á máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ? O máa lọ. Bí o ò bá lọ sọ fún wọn lọ́la, èmi á lọ bá wọn, mo sì máa wọ aṣọ tí mo rán apá rẹ̀ mọ́ ọrùn yẹn lọ, kí ojú lè tì ọ́ dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Ó wá gbé orí lé mi léjìká bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ní kó jẹun, ó ti ń tutù.

Àwa ará ilé gbogbo la sìn ín dé pápá. Ilé tuntun ò tíì parí, wọ́n ṣì ń lo ti àtijọ́, ṣùgbọ́n bàálù ńlá àkọ́kọ́ ti dé, ó dúró síbẹ̀ bí odindi àdúgbò. Mo ja gbogbo ìjà yẹn kí pápá má baà gbé ọmọ mi lọ. Pápá ò lọ síbì kankan, ó sì gbé e lọ. Oníbúrẹ́dì ń pín búrẹ́dì fún àwọn tí a ò mọ̀ rí, kó má baà sunkún.

"Màámi, ẹ má bá wọn jà o," ni Ọ̀gá Kékeré wí. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ta ni mo fẹ́ bá jà?" Mo rọra yọ ọwọ́ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ yọ ọ́. "Máa lọ. Bí o bá ń gun àtẹ̀gùn bàálù yẹn, má bojú wẹ̀yìn. Bí o bá bojú wẹ̀yìn, mo máa sunkún níwájú gbogbo ayé, mo sì ní oníbàárà níbí."

Ẹ̀ṣọ́ kan ní kí n sún sẹ́yìn. Mo ní sẹ́yìn ibo? Mo ní ọmọ mi ló ń lọ yẹn, kó fún mi láyè kí n wò ó. Ó wò mí, òun fúnra rẹ̀ ló sún sẹ́yìn.

Ọmọ mi ń gun àtẹ̀gùn bàálù náà lọ, ó kéré láàárín àwọn èèyàn gíga, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán nínú kóòtù tí mo rán. Ó dé òkè, ó tẹ orí ba, ó wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn rárá. Mo sunkún náà ni.